Hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́: èwo ni owó rẹ̀ fúyẹ́ jù fún ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin?

Bàbá Ọmọ Méjì béèrè pé:

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ kó àwọn ọmọ wa méjèèjì, ọmọ ọdún mẹ́fà àti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, lọ lo ìsinmi ọlọ́sẹ̀ kan ní agbègbè Òkun Mẹditaréníà. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú wa. Èkíní ni pé kí a wọ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì oníràwọ̀ mẹ́rin ní Róòmù, kí a máa ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wo àwọn ìlú tó wà nítòsí. Èkejì ni pé kí a wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ tí yóò gbéra ní Barcelona, tí yóò yà sí èbúté bíi mélòó kan kó tó padà síbẹ̀.

Ohun tó ń rú mi lójú ni bí wọ́n ṣe ń kọ iye owó wọn. Hòtẹ́ẹ̀lì ń kọ iye tí yàrá kan jẹ́ fún alẹ́ kan, ọkọ̀ ojú omi sì ń kọ iye tí ẹnì kan yóò san fún odindi ìrìnàjò. Àwọn kan ní ọkọ̀ ni kí n yàn láìwẹ̀yìn nítorí pé oúnjẹ ti wà nínú owó rẹ̀. Àwọn mìíràn ní iye tí wọ́n ń kọ síta yẹn kò tíì tó ìdajì ohun tí yóò jáde lápò wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, báwo ni a ṣe lè fi méjèèjì wé ara wọn láìṣe ojúsàájú? Kí sì ni àwọn owó tí wọn kì í sábà mẹ́nu bà?

Aṣètò Ìrìnàjò fèsì pé:

Ẹ kú ètò ìrìnàjò o, Bàbá Ọmọ Méjì. Iṣẹ́ mi ni láti máa bá àwọn ènìyàn ṣètò ìsinmi, ìbéèrè yín yìí sì tọ́, nítorí pé iye méjèèjì tí ẹ ń wò kì í ṣe ohun kan náà rárá. Iye tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kọ síta jẹ́ ti ẹnì kan, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e lé e pé ènìyàn méjì ni yóò jọ sùn nínú yàrá náà. Ti hòtẹ́ẹ̀lì jẹ́ owó yàrá, ìbáà jẹ́ ẹnì kan tàbí ẹni méjì ló sùn síbẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó lè sọ pé ọ̀kan wọ́n ju èkejì lọ, ẹ ní láti sọ méjèèjì di ohun kan ṣoṣo, ìyẹn àpapọ̀ gbogbo ohun tí ìdílé yín yóò ná láti ìgbà tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn ilé yín títí tí ẹ ó fi tún un ṣí.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ ṣàlàyé. Ìṣirò lásán ni mo fi àwọn iye wọ̀nyí ṣe. Ẹ ó fi iye tí ẹ bá rí gan-an rọ́pò wọn. Ká ní ọkọ̀ kan kọ ọ́ síta pé dọ́là 700 ni fún ẹnì kan fún alẹ́ méje. Ẹ̀yin àti ìyàwó yín yóò san 1,400. Owó orí àti owó èbúté, tí àwọn ìpolówó kan kì í kà mọ́ ọn, lè tó 150 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 300. Lẹ́yìn náà ni owó ìmoore fún àwọn òṣìṣẹ́, tí wọ́n máa ń kọ sí èrò lọ́rùn lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ó béèrè fún un. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá ti Amẹ́ríkà, ó máa ń wà láàárín dọ́là 16 sí 20 fún ẹnì kan lójúmọ́. Bí a bá fi 18 ṣírò rẹ̀, 252 ni fún ẹni méjì ní ọjọ́ méje. Gbogbo rẹ̀ wá di 1,952.

Ẹ wá wo ti hòtẹ́ẹ̀lì. Bí yàrá kan bá jẹ́ 150 lálẹ́, alẹ́ méje jẹ́ 1,050. Bí a bá fi oúnjẹ sí 50 fún ẹnì kan lójúmọ́, ti ẹ̀yin méjèèjì jẹ́ 700. Ẹ jẹ́ kí a fi owó ọkọ̀ ojú irin sí 120. Róòmù tún ń gba owó ìlú lọ́wọ́ àlejò: ní hòtẹ́ẹ̀lì oníràwọ̀ mẹ́rin, yúrò 7.50 ni fún ẹnì kan lálẹ́, ní oníràwọ̀ márùn-ún ó jẹ́ yúrò 10, ọwọ́ hòtẹ́ẹ̀lì náà ni ẹ ó sì ti san án, ó yàtọ̀ sí owó yàrá. Ti ẹ̀yin méjèèjì yóò jẹ́ yúrò 105, tí mo kà sí bíi dọ́là 120. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,990. Ìpolówó tó ń pariwo 700 àti èyí tó ń sọ 1,050 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọgbọọgba. Dọ́là 38 péré ló kù láàárín wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni ti àwọn ọmọ. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi máa ń dín owó ẹni kẹta àti ẹni kẹrin tó bá sùn sí yàrá kan náà kù, àwọn kan a tilẹ̀ máa gba owó orí àti owó èbúté nìkan lórí ọmọdé. Ká ní ọmọ kọ̀ọ̀kan san 350, pẹ̀lú 150 ti èbúté àti 126 ti owó ìmoore, ti àwọn méjèèjì jẹ́ 1,252, ti gbogbo yín sì di 3,204. Ní hòtẹ́ẹ̀lì, ọ̀pọ̀ yàrá ní àwọn ìlú Yúróòpù kò gbà ju ẹni méjì tàbí mẹ́ta lọ, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ẹ gba yàrá méjì. Yàrá kejì jẹ́ 1,050, oúnjẹ àwọn ọmọ lè jẹ́ 420, ọkọ̀ ojú irin 60. Róòmù kì í gba owó ìlú lórí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Àpapọ̀ ti hòtẹ́ẹ̀lì wá di 3,520, ọkọ̀ ojú omi sì fi 316 dín sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sanwó. Ọkọ̀ ojú omi kì í dúró de ẹni tí bàálù rẹ̀ pẹ́, nítorí náà ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe yóò ti dé Barcelona ní ọjọ́ tó ṣáájú, yóò sì sun hòtẹ́ẹ̀lì ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ fi 200 síbẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì lórí òkun, bí a bá fi í sí 20 lójúmọ́ fún fóònù kan, jẹ́ 140. Ó ti di 3,544, hòtẹ́ẹ̀lì ti tún fi dọ́là 24 dín sí i, ẹ kò sì tíì ra ohun mímu kankan, ẹ kò tíì sọ̀ kalẹ̀ wọ ìlú kankan. Bí ẹ bá wá rí ilé àyálò tó ní ilé ìdáná ní Róòmù, tí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè gbà, ti orí ilẹ̀ yóò tún dín kù sí i gidigidi.

Nípa àwọn owó tí wọn kì í mẹ́nu bà, ìjọba àwọn ibì kan ti ń dá sí i. Láti ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan fún hòtẹ́ẹ̀lì láti fi gbogbo owó tó jẹ́ dandan hàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Òfin yẹn kò kan ọkọ̀ ojú omi. Owó tuntun sì tún ń yọjú: láti oṣù Keje ọdún 2025, ilẹ̀ Gíríìsì ti ń gba yúrò 20 lórí èrò ọkọ̀ ojú omi kọ̀ọ̀kan tó bá sọ̀ kalẹ̀ sí Santorini tàbí Mykonos láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án. Fún ẹni mẹ́rin, ní erékùṣù méjì, yúrò 160 nìyẹn. Bí ọ̀nà tí ọkọ̀ yín yóò gbà bá kan Gíríìsì, ẹ béèrè bóyá ó ti wà nínú owó tí wọ́n kọ fún yín.

Òṣìṣẹ́ Ojú Òkun fèsì pé:

Mo gbóríyìn fún Aṣètò Ìrìnàjò fún ìṣirò yìí. Mo ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí àwọn èrò ti máa ń wá fi ẹjọ́ sùn nínú ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́, ohun tí mo fẹ́ fi kún un sì ni bí owó ṣe ń jáde lọ́wọ́ ènìyàn lẹ́yìn tó bá ti wọkọ̀ tán.

Nígbà tí ẹ bá ń wọkọ̀, wọn yóò so káàdì báńkì yín mọ́ káàdì kékeré tí ẹ ó máa fi ṣí yàrá. Láti ìgbà náà lọ, káàdì kékeré yẹn ni ẹ ó máa fi ra gbogbo nǹkan, owó kò sì ní kan ọwọ́ yín mọ́ títí di alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn. Ní òwúrọ̀ tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, àwọn ènìyàn á tò níwájú wa lọ́wọ̀ọ̀wọ́, pẹ̀lú ìwé owó lọ́wọ́, tí wọ́n ń fi ìka tọ́ka sí ohun kan lẹ́yìn òmíràn. Ìgò omi méjì kan máa ń wà lórí tábìlì nínú yàrá, pẹ̀lú bébà pélébé lọ́rùn wọn, iye owó wọn sì wà lára bébà náà ní lẹ́tà tó kéré. Ọmọdé ló sábà máa ń ṣí wọn. Fọ́tò tí wọ́n yà fún ìdílé ní ẹnu àtẹ̀gùn ọkọ̀, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ọmọ béèrè lẹ́bàá odò ìlúwẹ̀ẹ́, tábìlì kan ní ilé oúnjẹ tí kì í ṣe ti gbogbo èrò, gbogbo rẹ̀ ló ń jókòó síbẹ̀ tí ó ń dúró dè wọ́n.

Oúnjẹ tó wà nínú owó ọkọ̀ pọ̀, ó sì dára; kò sí ẹni tí ebi máa pa. Omi lásán, tíì, kọfí àti omi ọsàn ti òwúrọ̀ sábà máa ń wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọtí líle àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò kì í sábà sí níbẹ̀, àfi ní àwọn ọkọ̀ olówó ńlá. Wọn yóò rọ̀ yín láti san owó kan lápapọ̀ fún ohun mímu gbogbo ìrìnàjò. Ẹ fara balẹ̀ ṣírò rẹ̀. Ká ní ó jẹ́ 70 lójúmọ́, 490 ni fún ẹnì kan lọ́sẹ̀, wọ́n sì tún máa ń fi owó iṣẹ́ tó jẹ́ ìdá 18 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ púpọ̀, bí àgbàlagbà kan nínú yàrá bá rà á, dandan ni kí èkejì náà rà á. Tọkọtaya tó bá rà á ti fi nǹkan bíi 1,150 kún ìrìnàjò wọn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí àwọn méjèèjì san wọkọ̀. Ẹni tí kì í mutí kò ní ìdí kankan láti sún mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ owó ìmoore wà lọ́kàn mi púpọ̀. Àwọn kan máa ń wá sọ́dọ̀ wa pé kí a yọ ọ́ kúrò, ilé-iṣẹ́ míì sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lára rẹ̀ ni ẹni tó ń tún ibùsùn yín ṣe àti ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá ti ń rí èyí tó pọ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Ẹ kà á mọ́ owó ọkọ̀ láti ilé. Bí ó bá mú kí hòtẹ́ẹ̀lì wá di èyí tó dín jù, kí ẹ lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì.

Arìnká Ìlú fèsì pé:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ mìíràn. Gbogbo ìṣirò yìí dára, ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀ ń fi owó náà rà? Bí ó bá jẹ́ pé Róòmù ni Bàbá Ọmọ Méjì fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ rí, ọkọ̀ ojú omi kì í dé Róòmù. Civitavecchia ló ń gúnlẹ̀ sí, ó sì fi bíi kìlómítà 70 jìn sí ìlú náà. Bí ọkọ̀ bá dé ní aago méje òwúrọ̀, tí yóò sì gbéra ní aago méje alẹ́, ẹ yọ àkókò tí ẹ ó fi sọ̀ kalẹ̀, ẹ yọ ti ọkọ̀ ojú irin àlọ àti àbọ̀, ẹ sì rántí pé gbogbo èrò gbọ́dọ̀ ti padà wọkọ̀ ṣáájú kó tó ṣí. Ohun tó kù fún yín ní Róòmù kò ju bíi wákàtí mẹ́fà sí méje lọ, pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́fà tí ẹsẹ̀ ti ń ro. Bákan náà ni ti Florence, tó jẹ́ pé Livorno ni ọkọ̀ ń dúró sí, àti ti Paris, tí èbúté rẹ̀ wà ní Le Havre, bíi kìlómítà 200 sí i. Kódà Venice, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2021 tí ìjọba Ítálì ti lé àwọn ọkọ̀ ńlá kúrò ní ojú omi Giudecca tó gba inú ìlú náà kọjá, ọkọ̀ mìíràn tó bá ní òun ń lọ síbẹ̀ lè jẹ́ Ravenna tàbí Trieste ni yóò já yín sí.

Owó ìrìn-àjò kékeré yìí náà ni kí ẹ kà. Bí ẹ bá bá ọkọ̀ ojú omi fúnra rẹ̀ ṣètò láti wọ Róòmù, owó rẹ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò ju ti ọkọ̀ ojú irin lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé bí ọkọ̀ tí wọ́n fi gbé yín bá pẹ́ lọ́nà, ọkọ̀ ojú omi yóò dúró dè yín tàbí kí wọ́n gbé yín lọ bá a. Bí ẹ bá dá lọ, tí ẹ sì pẹ́, ọkọ̀ yóò ṣí, ẹ̀yin ni ẹ ó sì fi owó ara yín lépa rẹ̀ dé èbúté tó kàn.

Adánìkanrìn fèsì pé:

Ọ̀rọ̀ tèmi kúrú, àwọn tó dá nìkan ń rìnrìn-àjò ni mo sì ń sọ ọ́ fún. Nítorí pé ẹni méjì ni wọ́n fi ń ṣírò yàrá ọkọ̀ ojú omi, ẹni tó bá dá wọ̀ ọ́ sábà máa ń san tirẹ̀ àti ti ẹni tí kò wá. Àwọn yàrá ẹlẹ́nì kan wà. Ọkọ̀ Norwegian Epic, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2010, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ irú wọn lọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tètè tán, owó wọn kì í sì í sábà kéré. Fún ẹlẹ́nì kan, hòtẹ́ẹ̀lì ló sábà máa ń gbè é.

Ọmọ Màmá fèsì pé:

Mo gba ti Arìnká Ìlú gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè máa gbé ẹrù gun ọkọ̀ ojú irin láti ìlú dé ìlú. Màmá mi ti ju ẹni ọgọ́rin ọdún lọ, orúnkún sì ń dà á láàmú. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la tú àpótí rẹ̀, ẹ̀rọ agbéniròkè gbé e dé gbogbo àjà, ó sì ń jókòó lórí àga rẹ̀ tí ó ń wo bí etíkun ṣe ń kọjá. Bí a bá ní kí a fi takisí gbé e káàkiri láti hòtẹ́ẹ̀lì kan sí òmíràn, owó takisí nìkan ìbá ti yí ìṣirò padà. Nítorí náà, ẹ wo ẹni tó ń bá yín lọ kí ẹ tó wo iye.

Bàbá Ọmọ Méjì tún kọ pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Ó ti yé mi báyìí pé oúnjẹ nìkan kò lè pinnu ọ̀rọ̀ yìí. Ìbéèrè méjì ló kù. Bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀ tí a kò lè lọ mọ́, èwo nínú méjèèjì ni a ti lè rí owó wa gbà padà? Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ físà sì yàtọ̀ fún ọkọ̀ ojú omi?

Aṣètò Ìrìnàjò fèsì pé:

Ní ti ìdápadà owó, hòtẹ́ẹ̀lì ló rọrùn jù lọ. Púpọ̀ nínú wọn ló ń gba ènìyàn láàyè láti fagi lé e lọ́fẹ̀ẹ́ títí di bí ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú, bí kì í bá ṣe irú èyí tó dín owó kù lórí àdéhùn pé kò sí ìdápadà. Ọkọ̀ ojú omi máa ń fẹ́ kí ẹ san owó yín tán ní bíi oṣù mẹ́ta ṣáájú, láti ìgbà náà lọ ni ìtanràn yóò máa ga sókè bí ọjọ́ ti ń sún mọ́, títí yóò fi gbé gbogbo owó náà mì. Ẹ tún mọ̀ pé àdéhùn wọn gbà wọ́n láàyè láti fo èbúté kan bí ojú ọjọ́ kò bá dára. Owó èbúté yẹn nìkan ni wọ́n sábà máa ń dá padà.

Nítorí èyí, adójútòfò ìrìn-àjò jẹ́ ara owó ọkọ̀ ojú omi fún mi, ẹ sì rà á lọ́jọ́ tí ẹ bá san owó àsansílẹ̀. Kí ó bo ìtọ́jú lórí òkun àti gbígbé aláìsàn dé orí ilẹ̀, nítorí pé dókítà inú ọkọ̀ ń gba owó, bàálù tó ń gbé aláìsàn kúrò lójú òkun sì lè run owó tó ju ti ìsinmi náà lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ẹ yí fóònù gbogbo yín sí ipò inú bàálù kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì orí òkun ń gba ọ̀nà sátẹ́láìtì, owó rẹ̀ sì ga.

Físà gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Bí ìwé ìrìnnà yín bá jẹ́ èyí tó ń gba físà Schengen, ìyẹn físà kan ṣoṣo tó kárí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ẹ wo àwọn èbúté náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọkọ̀ bá kúrò ní Barcelona, tó yà sí Tọ́kì tàbí Tùnísíà, tó sì tún padà wọ Ítálì, ẹ ti jáde kúrò ní Schengen ẹ sì tún ti wọ̀ ọ́ padà, físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò sì ní gbà yín. Èyí tó gba ìwọlé lọ́pọ̀ ìgbà ni ẹ nílò, pẹ̀lú ohunkóhun tí orílẹ̀-èdè yòókù bá béèrè. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi lè má jẹ́ kí ẹ wọkọ̀ rárá bí ìwé kan bá kù, wọn kì í sì í dá owó padà fún ìdí yẹn. Ti Róòmù rọrùn jù: ìwọlé kan, ìjáde kan.

Bí ọkọ̀ bá ṣì wù yín lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ wo iye wọn láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta, ìgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ náà máa ń gbé ẹ̀dínwó tó pọ̀ jáde, kí ẹ sì sá fún àkókò ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ bí ó bá ṣeé ṣe, nítorí pé ìgbà náà ni ti hòtẹ́ẹ̀lì àti ti ọkọ̀ máa ń jọ gbówó lórí. Ẹ kọ gbogbo iye tí ẹ bá rí ránṣẹ́ síbí, màá bá yín ṣe ìṣirò rẹ̀ kí ẹ tó san owó àsansílẹ̀.